Ojú láptọ́ọ̀pù mi ń ṣú fúnra ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, iná kíbọ́ọ̀dù sì ń tàn nígbà tí mi ò nílò ẹ̀

fótò_ẹ̀gbá kọ:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ fi owó tí mi ò ní ra nǹkan tí mi ò nílò. Fótò ni mo ń yà, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, MacBook Pro 2015 onínṣì 13 ni mo fi ń ṣe gbogbo fótò òde tí wọ́n bá gbé fún mi, ìgbéyàwó o, ìsọmọlórúkọ o, òkú àgbà o. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, macOS Monterey ló wà lórí ẹ̀, ara ẹ̀ mọ́, bátìrì ẹ̀ náà ṣì ń gbìyànjú.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tábìlì mi wà, tó bá ti di ọ̀sán oòrùn máa ń wọlé dáadáa, gbogbo ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ kedere, ìgbà yẹn gan-an ni ojú láptọ́ọ̀pù yìí á ṣú, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan o. Màá tẹ F2 títí á fi mọ́lẹ̀ dé òkè, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá pa á dé pé kí n lọ dá kọ́sítọ́mà lóhùn, tí mo bá fi máa tún un ṣí, á ti ṣú padà. Iná tó wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù wá ń tàn ní tiẹ̀, ọ̀sán gangan o, màá tẹ F5 kí n fi pa á, tó bá yá á tún tàn. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, kí n tó jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, ojú ẹ̀ á tún rẹlẹ̀ sí i.

Tó bá jẹ́ pé fíìmù ni mo fi ń wò mi ò ní da ara mi láàmú, ṣùgbọ́n ojú yìí ni mo fi ń mọ̀ bóyá fótò dáa tàbí kò dáa. Tó bá ti ṣú báyìí, gbogbo fótò á dà bíi pé ó ṣókùnkùn lójú mi, màá fi ìmọ́lẹ̀ kún un, nígbà tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà, ojú ìyàwó á ti funfun jù, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara léèsì tó wọ̀ á ti pòórá. Kọ́sítọ́mà ò mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù ló ṣe é, èmi ni wọ́n máa bú.

Ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lọ́dọ̀ wa wò ó, ó ní panẹ́ẹ̀lì ló ń kú lọ, kí n pààrọ̀ sikirínì. Owó tó pè é kì í ṣe kékeré. Ṣé òótọ́ ni àbí nǹkan mìíràn wà tí mo lè kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ẹ ṣé o.


wáyà_àti_iná kọ:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Mi ò rí láptọ́ọ̀pù yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn ti sọ púpọ̀. Ẹ ní tí ẹ bá tẹ F2, ó ń mọ́lẹ̀ dé òkè, ẹ ò sì sọ pé ó ń ṣẹ́jú, pé ó ní ìlà, tàbí pé ó pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná panẹ́ẹ̀lì tó ń kú kì í padà sókè nígbà tí èèyàn bá pàṣẹ fún un. Ìyẹn ni àkọ́kọ́.

Ìkejì ni kíbọ́ọ̀dù, òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà lókè sikirínì yẹn, abẹ́ gíláàsì dúdú ló wà, ẹ lè má tíì kíyè sí i rí. Sẹ́nsọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa wọn bí ibi tí láptọ́ọ̀pù wà ṣe mọ́lẹ̀ sí, lux ni wọ́n fi ń kà á. Yàrá tí èèyàn tan gílóòbù kan ṣoṣo sí lálẹ́ lè má ju bíi 100 lux lọ, ọ́fíìsì tó mọ́lẹ̀ dáadáa máa ń wà láàárín 300 sí 500, ìta gbangba nínú oòrùn ọ̀sán lè tó 100,000. Tí sẹ́nsọ̀ yìí bá rí ibi tó mọ́lẹ̀, á ní kí ojú ẹ̀rọ gòkè kí ẹ lè máa rí nǹkan, á sì ní kí iná kíbọ́ọ̀dù kú torí pé kò wúlò níbẹ̀. Tó bá rí òkùnkùn, á dá méjèèjì padà: ojú á wálẹ̀ kó má baà máa gún ẹyinjú, kíbọ́ọ̀dù á tàn kí ẹ lè rí lẹ́tà.

Ẹ wá wo tiyín. Ojú ń wálẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ń tàn. Àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà ni, láptọ́ọ̀pù yín rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Sikirínì tó ń kú ò ní agbára láti tan iná kíbọ́ọ̀dù.

Nítorí náà sẹ́nsọ̀ la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ dúró di alẹ́. Ẹ lọ sí System Preferences, ẹ wọ Displays, ẹ rí i pé "Automatically adjust brightness" ní ààmì, ẹ tún wọ Keyboard, ẹ rí i pé "Adjust keyboard brightness in low light" náà ní ààmì. Ẹ pa gílóòbù yàrá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ kọ ojú ẹ̀ sí apá kámẹ́rà láti nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan, ẹ má sáré gbé e kúrò, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é kó máa yí, kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa gòkè, iná kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kúrò, á yí padà sí bó ṣe wà.

Tí kò bá sí ohun tó yí rárá, á jẹ́ pé nǹkan kan ló dí sẹ́nsọ̀ lójú, tàbí wáyà ẹ̀ ti já, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti tú sikirínì ẹ̀ rí kó tó kọjá odò wá, tí wọn ò so gbogbo nǹkan padà. Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan: ṣé kò sí nǹkan kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá kámẹ́rà yẹn?


ọmọ_afọ̀njá kọ:

Èmi ò fẹ́ bá bọ̀dá jiyàn o, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ sí Mac ni pé tí iná bá ti ń ṣe ségesège, SMC, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí iná inú ẹ̀, ni kí èèyàn tún tò. Ẹ pa á pátápátá, ẹ di Shift apá òsì, Control àti Option mú pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án, kó tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tàn án bí ẹ ṣe máa ń tàn án. Ti 2015 nìyẹn o, kò sí T2, ṣíìpù ààbò Apple, nínú ẹ̀. Àwọn tó ní Mac oníṣíìpù M1 sókè ò ní irú ẹ̀, kí wọ́n ṣá ti pa á kí wọ́n tún tàn án. Ẹ tún lọ pa True Tone, ó máa ń yí ojú sikirínì padà.


wáyà_àti_iná kọ:

Bọ̀dá mi, ọ̀nà tí ẹ kọ yẹn péye, kò sì léwu. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ni pé SMC kò lè gbé nǹkan tó dí ojú sẹ́nsọ̀ kúrò. Èèyàn á tún un tò, á tún padà rí òkùnkùn tó ń rí tẹ́lẹ̀. Tí tọ́ọ̀ṣì bá fi hàn pé ọ̀nà sẹ́nsọ̀ mọ́ tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣe bó ṣe wù ú, ìgbà yẹn ni SMC kàn.

Ti True Tone, kò sí lórí 2015. Ọdún 2018 ló dé orí MacBook Pro. Àwọ̀ ló tiẹ̀ máa ń yí, ó máa ń jẹ́ kí funfun pọ́n tàbí kó tutù gẹ́gẹ́ bí iná yàrá bá ṣe rí, nítorí náà ayafótò tó bá ní láptọ́ọ̀pù tó ní i gbọ́dọ̀ pa á nígbà tó bá ń ṣe fótò. Night Shift, èyí tó máa ń mú kí ojú sikirínì pọ́n lálẹ́, ni kí àǹtí wò, ìyẹn lè wà lórí Monterey tiwọn.


tíṣà_ọ̀ṣun kọ:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, tèmi jọ ọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe Mac, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò ni mo máa ń tẹ̀ lálẹ́. Tí mo bá ṣí Word tó funfun, ojú ẹ̀ á mọ́, tí mo bá yí sí nǹkan mìíràn tó dúdú á rẹlẹ̀, tí mo bá padà sí Word á tún máa gòkè bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń dá mi lójú rú gan-an. Yàrá ò yí padà, gílóòbù ò yí padà. Mo ti fi àtàǹpàkò bo apá kámẹ́rà, mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i bí ẹ ṣe wí, kò yí nǹkan kan. Ṣé sẹ́nsọ̀ náà nìyẹn?


àǹtí_kóòdù kọ:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Rárá, tiyín kì í ṣe sẹ́nsọ̀, ẹ tilẹ̀ ti fi àtàǹpàkò dáhùn ìbéèrè yín. Ti sẹ́nsọ̀, yàrá ló máa ń tẹ̀ lé. Ohun tó wà lójú sikirínì ni tiyín ń tẹ̀ lé. Wọ́n ṣe é láti fi dá bátìrì sí ni: ẹ̀rọ á wo àwòrán tó wà lójú sikirínì, tó bá rí i pé ó dúdú á dín iná ẹ̀yìn panẹ́ẹ̀lì kù, á wá fi kún àwọ̀ àwòrán náà kí ẹ má baà fura. Ẹ wá ti fura.

Ẹ wọ Settings, System, Display, ẹ tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brightness kó ṣí sílẹ̀. Lórí àwọn kan ẹ máa rí "Change brightness based on content", lórí àwọn mìíràn wọ́n kọ ọ́ pé "Help improve battery by optimizing the content shown and brightness". Ohun kan náà ni, ẹ pa á. Tí "Change brightness automatically when lighting changes" bá wà níbẹ̀, ìyẹn ni ti sẹ́nsọ̀, tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí láptọ́ọ̀pù yín má ní sẹ́nsọ̀ rárá, púpọ̀ nínú wọn ò ní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n á wá máa sọ pé kò ṣiṣẹ́. Dráífà àwòrán, ìyẹn ètò tó ń darí ṣíìpù àwòrán, náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ Intel, ẹ ṣí Intel Graphics Command Center, ẹ wọ System, ẹ wọ Power, ẹ pa Display Power Savings, ẹ wo apá ti bátìrì dáadáa torí ibẹ̀ ló máa ń wà ní títàn. Tó bá jẹ́ AMD, Vari-Bright ni wọ́n ń pè é, inú AMD Software lẹ máa ti rí i. Ẹ lè pa ti Windows kí ti dráífà ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ, méjèèjì lẹ máa pa.


fótò_ẹ̀gbá kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Bọ̀dá wáyà, ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n gbé ojú sókè wò ó. Ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù yìí fún mi fi káfà kámẹ́rà ṣe ènì fún mi, ike dúdú pẹlẹbẹ kan báyìí, èyí tí wọ́n máa ń tì sọ́tùn-ún tì sósì, òun gan-an ló bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí mo rà á. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ojú mi ò rí i mọ́. Ó gùn ju ojú kámẹ́rà lọ dáadáa.

Mo ṣe ti tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àná pẹ̀lú káfà lórí ẹ̀: kò yí, bí mo ṣe ń sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn tó. Mo wá fi èékánná tú ike náà, ó le díẹ̀, ó já kúrò. Mo tún tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù rọra ń lọ sílẹ̀, ń lọ sílẹ̀, ó kú, ojú sikirínì ń gòkè ní tiẹ̀. Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó.

Láàárọ̀ yìí nídìí fèrèsé, kíbọ́ọ̀dù ò tàn. Àmọ́ nǹkan méjì ló kù. Ojú ẹ̀ kò tíì mọ́lẹ̀ tó bí mo ṣe rò nínú oòrùn yìí, bíi pé ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Gọ́ọ̀mù ike náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti dúdú, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Èkejì ni pé tí wọ́n bá mú iná lọ, ó ṣì ń ṣú díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ yàrá ò tíì ṣókùnkùn.


wáyà_àti_iná kọ:

Ẹ kú oríire, àǹtí. Owó sikirínì ti padà sí àpò yín.

Gọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ mú kúrò, torí òun náà ṣì ń dí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà. Ẹ mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í já òwú, irú èyí tí ẹ fi ń nu lẹ́ǹsì kámẹ́rà yín, ẹ fi omi rin ín díẹ̀, ẹ nù ún. Tí omi ò bá mú un, ẹ lo isopropyl alcohol ti 70%, inú aṣọ ni kí ẹ ro ó sí o, ẹ má da á sójú sikirínì rárá, torí pé á ṣàn lọ sí etí gíláàsì á sì wọnú. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí bíléèdì ha á. Ẹ má lo tínà, ẹ má lo pẹtiróòlù, mo ti rí èyí tí wọ́n fi pẹtiróòlù nù, ara gíláàsì náà ti di bàìbàì, kò sì ṣe é tún ṣe mọ́.

Ẹ má sì lẹ káfà mìíràn mọ́ ọn. Kì í ṣe torí sẹ́nsọ̀ nìkan. Lọ́dún 2020 Apple fúnra wọn kìlọ̀ nípa ẹ̀ pé kí èèyàn má pa MacBook dé pẹ̀lú káfà lójú kámẹ́rà, torí pé àlàfo tó wà láàárín sikirínì àti kíbọ́ọ̀dù kéré púpọ̀, sikirínì lè fọ́, wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀ náà pé káfà lè dí sẹ́nsọ̀ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní tó bá di dandan kí èèyàn lo nǹkan kan, kó má nípọn ju pépà tí a fi ń tẹ̀wé lọ, 0.1mm. Ike tí ẹ tú yẹn nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Sikirínì tí wọ́n ní kí ẹ lọ rà, ike yẹn ló máa bá yín fọ́ ọ tó bá yá. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹnìkan lè máa wò yín, iná aláwọ̀ ewé kan máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà nígbàkígbà tí kámẹ́rà bá wà ní títàn.

Ti NEPA, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bí iná bá ti lọ, ṣájà ò gbé nǹkan wọlé mọ́, láptọ́ọ̀pù á bọ́ sórí bátìrì, macOS sì ní ìlànà kan tó ń jẹ́ "Slightly dim the display while on battery power". Ẹ wọ System Preferences, Battery, kí ẹ tún tẹ Battery lápá òsì, ẹ máa rí i, ẹ yọ ààmì ẹ̀. Ó máa jẹ bátìrì díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ yín mo rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.


ọmọ_afọ̀njá kọ:

Ah, káfà! Mo ti lọ tú tèmi náà kúrò. Bọ̀dá wáyà ẹ kú làákàyè.

Mo ní HP EliteBook kan tí mo ń lò níbi iṣẹ́, iná kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ máa ń tàn bí mo bá tẹ lẹ́tà, kí n tó ronú ohun tí mo fẹ́ kọ á ti kú. Sẹ́nsọ̀ ni àbí kí ni?


àǹtí_kóòdù kọ:

Áà, ìyẹn kò kan sẹ́nsọ̀, aago ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Inú BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé, ló wà, kì í ṣe inú Windows, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i. Ẹ pa á, ẹ tàn án, ẹ máa tẹ F10 léraléra kí Windows tó wọlé, ẹ lọ sí Advanced, ẹ wọ Built-in Device Options, ẹ máa rí "Backlit keyboard timeout". Ẹ lè ní kó dúró pẹ́ sí i tàbí kó má kú rárá, ẹ tọ́jú ẹ̀ kí ẹ tó jáde. Àwọn Dell náà ní tiwọn nínú BIOS, wọ́n tilẹ̀ pín in sí méjì, ti ìgbà tí ṣájà wà àti ti bátìrì.

Fún ẹni tí tiẹ̀ ò tàn rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tilẹ̀ ní iná. Lórí ThinkPad, Fn pẹ̀lú Space ni, ẹ wo kọ́nà bọ́tìnnì Space, wọ́n máa ń ya àwòrán iná síbẹ̀ tó bá ní in. Lórí àwọn yòókù, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n ya kíbọ́ọ̀dù tàbí ìtànṣán sí lára ní ìlà F. Tí kò bá sí, kò sí iná lábẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa tún un ṣe. Tí àwòrán bá wà tí kò sì tàn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ rí. Iná kíbọ́ọ̀dù ní wáyà pẹlẹbẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó tín-ín-rín ju ti lẹ́tà lọ, àwọn tó ń tún un ṣe máa ń so ti lẹ́tà kí wọ́n gbàgbé èyí, lẹ́tà á máa tẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.


ọmọ_ìkòròdú kọ:

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jọ̀ọ́ tèmi náà rèé kí ẹ tó lọ. MacBook Air 2013, mo yọ macOS kúrò mo fi Ubuntu, ìyẹn Linux kan, sí i torí pé ó ti wúwo jù fún un. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, iná kíbọ́ọ̀dù nìkan ni mi ò rí tàn, mo sì fẹ́ kí ojú ẹ̀ máa yí fúnra ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.


àǹtí_kóòdù kọ:

Àbúrò, ṣí tẹ́mínà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kọ:

ls /sys/class/leds

Tí o bá rí smc::kbd_backlight láàárín wọn, Linux ti rí iná náà. Sọ fún un kó tàn:

echo 100 | sudo tee /sys/class/leds/smc::kbd_backlight/brightness

255 ni òpin ẹ̀, 0 ló ń pa á. Tó bá tàn báyìí, iná ò ní wàhálà, bọ́tìnnì ni ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, o lè gbé ètò kan tó ń jẹ́ brightnessctl sórí ẹ̀ kí o so ó mọ́ bọ́tìnnì tó bá wù ọ́ nínú Settings, Keyboard. Tí o ò bá rí smc rárá, kọ sudo modprobe applesmc kó gbé dráífà ẹ̀ wọlé, kí o tún tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń lo ThinkPad máa rí tpacpi::kbd_backlight, ti Dell á jẹ́ dell::kbd_backlight, wọ́n kàn yàtọ̀ lórúkọ ni.

Ti sẹ́nsọ̀, ibi tí mo fẹ́ràn jù lórí Linux nìyí torí pé o lè fi ojú ara rẹ rí ohun tí ẹ̀rọ ń rí. Kọ:

cat /sys/devices/platform/applesmc.768/light

Á fún ọ ní nọ́ńbà méjì nínú àkámọ́. Fi ọwọ́ bo apá kámẹ́rà, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ já wálẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á fò sókè. Tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ò bá kúrò lójú kan, padà lọ ka ohun tí bọ̀dá wáyà kọ sókè. Tó bá ń yí, fi iio-sensor-proxy, ètò tó ń gbé ohun tí sẹ́nsọ̀ rí jáde, sí i tí kò bá sí níbẹ̀, kọ monitor-sensor, wò ó bóyá òun náà ń rí i. Tó bá ti rí i, "Automatic Screen Brightness" á jáde nínú Settings, Power. Tí bọ́tìnnì yẹn ò bá sí níbẹ̀, GNOME, ètò tó ń gbé ojú Ubuntu jáde, ò rí sẹ́nsọ̀ ni, kò sí ohun mìíràn tó ń fi pamọ́.


tíṣà_ọ̀ṣun kọ:

Ti Intel ló ṣe é o. Mo ti pa ti Windows, kò dáwọ́ dúró, ìgbà tí mo pa Display Power Savings lápá bátìrì ló dúró jẹ́ẹ́. Àǹtí ẹ ṣeun púpọ̀, orí tó ń fọ́ mi lálẹ́ á lọ báyìí.


fótò_ẹ̀gbá kọ:

Mo ti nu gọ́ọ̀mù kúrò, omi nìkan kò mú un, alcohol ló mú un. Ojú ẹ̀ ń mọ́lẹ̀ nínú oòrùn wàyí, NEPA mú iná lọ ní nǹkan bí aago kan, kò ṣú. Ó kù kan péré: báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí n fi ṣe fótò? Ó ti ń yí fúnra ẹ̀ báyìí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n yíyí náà kọ́ ni mo fẹ́ nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́.


awòran_ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí, iṣẹ́ kan náà la ń ṣe. Ẹ ti sọ ọ́, fún iṣẹ́ fótò kò yẹ kó máa yí rárá. Sẹ́nsọ̀ dáa fún ẹni tó ń ka lẹ́tà, ẹyinjú ẹ̀ á sinmi. Fún wa, fótò tí mo ṣe láàárọ̀ àti èyí tí mo ṣe lálẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu nínú ìwé kan náà. Ẹ yọ ààmì "Automatically adjust brightness" kúrò tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ dá a padà tí ẹ bá ṣe tán. Ti kíbọ́ọ̀dù lè wà bẹ́ẹ̀, kò dí yín lọ́wọ́.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn sikirínì máa ń fi í sáàárín 80 sí 120 cd/m², ohun tí wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ ojú sikirínì, fún fótò tí wọ́n máa tẹ̀ sórí pépà. Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ yẹn, èmi náà ò ní i, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n mú fótò kan tí láàbù ti tẹ̀ dáadáa, èyí tó ní funfun lára, bùbá funfun tàbí aṣọ ìyàwó, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sikirínì lábẹ́ gílóòbù tí mo fi ń ṣiṣẹ́, màá ṣí fótò kan náà sójú láptọ́ọ̀pù. Sikirínì ló sábà máa ń mọ́ jù. Ẹ máa tẹ F1 kó máa wálẹ̀ títí funfun méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àpótí kéékèèké 16 ni Mac máa ń fi hàn nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ka èyí tó funfun, ẹ kọ ọ́ sí ibì kan. Tí ìgbésẹ̀ kan bá pọ̀ jù, ẹ di Shift àti Option mú kí ẹ tó tẹ F1 tàbí F2, á máa lọ ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin àpótí kan.

Ẹ tún gbé tábìlì yẹn kúrò nídìí fèrèsé tí àyè bá wà, tàbí kí ẹ ta kọ́tìnì sí i. Ìwọ̀n tí ẹ bá mú lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, oòrùn ọ̀sán tó ń bọ́ sójú sikirínì á tún sọ ọ́ di òkùnkùn lójú yín, ẹ ó tún máa fi ìmọ́lẹ̀ kún léèsì àwọn oníyàwó.


fótò_ẹ̀gbá kọ:

Mo ti rí kọ́tìnì kan nínú ilé, aláwọ̀ eérú, màá ta á lọ́la kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Sátidé. Àpótí méje ni funfun bá fótò láàbù dọ́gba lọ́dọ̀ mi, ẹ wo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣeun gbogbo yín.